Màmá Taípíìsì àti Háàdì Tó Ń Jẹ́ Káṣìmáawòó

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ni nínú yín tó lè sọ fún mi ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe yìí mú, pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ? Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ wí. Ẹ fẹ́ sọ pé òwe náà ti pẹ́, pé kí wọ́n tó bí baba ńlá yín ni wọ́n ti ń pa á. Ṣé ẹ bá a níbẹ̀ ni? Ẹ fi etí sílẹ̀. Ní Òkè-Ayìnrẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, inú kọ̀ǹpútà ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Òkè-Ayìnrẹ́. Mojírádé ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Màmá Taípíìsì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tẹ̀wé ní kóòtù. Ohun tí adájọ́ bá wí ló ń tẹ̀; bí agbẹjọ́rò bá sín, díẹ̀ ló kù kó tẹ sísín náà mọ́ ọn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìlú fún un ní yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn, pé kó máa bá wọn tọ́jú ìwé àtijọ́ àti ohùn àwọn arúgbó. Wọ́n ra kọ̀ǹpútà fún un. Wọ́n ra háàdì pẹ̀lú, àpótí pẹlẹbẹ kan tí kò ju ọṣẹ lọ, tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà láti kó nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀.

Háàdì àkọ́kọ́, Ìṣúra ló sọ ọ́. Kò pé oṣù mẹ́rin tó fi kú. Wọ́n ra òmíràn, ó sọ ọ́ ní Ìrètí. Òjò bá Ìrètí lójú fèrèsé, òun náà bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, Màmá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Ìwọ yìí, àbíkú ni ọ́. Mo ti mọ̀ yín."

Ẹ sì mọ bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe fún àbíkú. Orúkọ dídùn kọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́. Màmá jókòó, ó tẹ orúkọ tuntun fún háàdì: KASIMAAWO. Ẹ̀rọ kò mọ àmì ohùn, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n. Káṣìmáawòó. Ká ṣì máa wò ó, bóyá eléyìí á dúró.

Ó sì dúró, ọdún mẹ́ta gbáko. Nígbà tó yá, etí Màmá kò gbọ́ ìtumọ̀ tó wà nínú orúkọ náà mọ́. Ta ló ń ro ìtumọ̀ orúkọ ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá ń pè é kó wá jẹun? "Káṣìmáawòó, ó yá, jẹ́ ká ṣiṣẹ́," bẹ́ẹ̀ ló máa ń kí i láràárọ̀. Kò sì sí ẹlòmíràn ní gbogbo ìlú tó mọ̀ pé háàdì lórúkọ.

Ó wá ku ẹjọ́ tó wà nílẹ̀. Ní àdúgbò Ìsàlẹ̀ Odò, ọkùnrin tó bá dàgbà jù ló ń jẹ Baálé. Baálé kú. Àwọn méjì ló kù tí wọ́n dàgbà ju gbogbo ènìyàn lọ: Bàbá Ọ̀kánlàwọ́n àti Bàbá Òjédìran. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn, ọwọ́ agbẹ̀bí kan náà ni wọ́n bọ́ sí, oníkálukú sì ń sọ pé òun lòun kọ́kọ́ dé ayé. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú kan juni lọ, ẹ̀gbọ́n ẹni ni. Ọdún mẹ́fà ni wọn kò fi kí ara wọn, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ kí èkejì ti gbà pé àbúrò lòun. Bí wọ́n bá gbé ẹran síwájú wọn níbi ìsìnkú, ọwọ́ àwọn méjèèjì á bọ́ sínú àwo lẹ́ẹ̀kan náà, àwo á sì fọ́. Bàbá Ọ̀kánlàwọ́n á ní, "Baba tó bí ẹ, ọ̀lẹ paraku ni." Bàbá Òjédìran á ní, "Tìrẹ ńkọ́, tó jí ewúrẹ́ gbé?" Àwọn ọmọ wọn á sì gbé igi.

Agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí àwọn méjèèjì, Ìyá Àwẹ̀ró, ti kú. Ṣùgbọ́n kó tó kú, Màmá Taípíìsì ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan àwọn bàbá méjì yìí, arúgbó náà lé Màmá jáde nínú yàrá, ó ní kó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa gbọ́. Ó sì mú un búra pé kò gbọdọ̀ tẹ́tí sí apá yẹn títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yan Baálé. Màmá búra, ó sì pa á mọ́. Inú Káṣìmáawòó ni ohùn náà wà, kò sí níbòmíràn láyé.

Ọjọ́ yíyàn pé. Ọba rán Olóyè Ọ̀tún wá láti gbọ́ ohùn náà, kó sì dájọ́. Ní agogo mẹ́sàn-án, ilé Ọ̀kánlàwọ́n ti kún apá ọ̀tún gbọ̀ngàn, ilé Òjédìran kún apá òsì. Màmá wọ yàrá rẹ̀, ó so Káṣìmáawòó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tan iná. Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó padà dé. Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà kò padà bó ṣe máa ń rí. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Létà funfun díẹ̀ ló wà lókè, ìlà kékeré kan ń ṣẹ́jú nísàlẹ̀ wọn, ó tán. Kò sí àwòrán, kò sí ibi títẹ̀.

Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti tẹ ẹjọ́ ìpànìyàn láìdáwọ́dúró kì í ṣe ẹni tó ń sá. "Ohùn yìí máa jáde lónìí," ló sọ fún ara rẹ̀. Ó pe Ẹnjiníà Ládélé ní Ìbàdàn, ọkùnrin tó bá ìlú to kọ̀ǹpútà náà, ó ṣàlàyé fún un.

Ládélé ní, "Ojú rẹ̀ ló kú, mà, ọpọlọ rẹ̀ ṣì wà láàyè. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún un, yóò dáhùn. A máa kọ́kọ́ bi í léèrè àwọn háàdì tó wà lára rẹ̀."

"Máa pè é. Mò ń tẹ̀ ẹ́."

"Ó dáa, mà. Ẹ tẹ ẹ́ẹ̀lì, ẹ́ẹ̀sì, bíì, ẹ́ẹ̀lì, kéè. Ẹ fi àyè sílẹ̀. Dáàṣì, ẹ́ẹ̀fù. Ó parí, mà. Ẹ tẹ bọ́tìnì ńlá ọwọ́ ọ̀tún yẹn."

Ìka Màmá sáré bí òjò. Ó tẹ bọ́tìnì ńlá. Kọ̀ǹpútà dáhùn pé òun kò mọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

"Ládélé, ó ní òun ò mọ àṣẹ yẹn! Ẹ̀rọ tí mò ń nù láràárọ̀!"

"Kí lẹ tẹ̀, mà?"

"Ohun tí o wí ni. 'Ó dáa, mà, ẹ tẹ ẹ́ẹ̀lì, ẹ́ẹ̀sì…'"

"Mà, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti ẹnu mi jáde!"

"Má jẹ́ kí ohun tí o ò fẹ́ kí n tẹ̀ ti ẹnu ẹ jáde mọ́ nìyẹn."

Wọ́n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí létà márùn-ún, àyè kan, dáàṣì kan àti létà kan péré ni Màmá tẹ̀. Ìlà mẹ́fà méje sì tò jáde lójú ẹ̀rọ. Màmá wọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà kìíní, inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni. Ìkejì, bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó rí KASIMAAWO.

"Ládélé, mo ti rí i!"

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ má ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún mi o, nọ́ńbà a máa yí padà. Orúkọ ni mo fẹ́, òun la máa fi sínú àṣẹ kejì tó máa ṣí i. Orúkọ wo lẹ rí?"

"Káṣìmáawòó."

"Ó dáa, mà," ni Ládélé wí.

Ó dákẹ́. Màmá náà dákẹ́. Màmá rò pé ó ń wá àṣẹ kejì nínú ìwé. Ládélé rò pé ìyá àgbà ń wá orúkọ nínú létà wẹ́wẹ́, torí 'ká ṣì máa wò ó' ni òun gbọ́, ló bá fa abọ́ ẹ̀pà mọ́ra. Màmá ń gbọ́ bó ṣe ń rún un wómúwómú, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìsinsìnyí, ẹ̀pà ni wọ́n fi ń ronú. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá kọjá. Káàdì tán lórí fóònù Màmá, ìpè náà gé.

Ibẹ̀ ni Olóyè Ọ̀tún ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, kí ló wà lójú ẹ̀rọ báyìí?"

"Káṣìmáawòó ni, Olóyè."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ọ̀tún padà sínú gbọ̀ngàn. "Ó ní ká ṣì máa wò ó."

Àwọn ènìyàn tún jókòó dáadáa. Nígbà tó yá, Ọ̀tún tún yọjú. "Màmá, kí lẹ wá rí?"

"Ohun kan náà ni, Olóyè. Káṣìmáawòó."

Ọ̀tún lọ jẹ́ iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n kùn. Nígbà tó jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ Bàbá Ọ̀kánlàwọ́n kan fò dìde, ó ní ilé Òjédìran ti bá ìyá náà sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, pé ó ń fi àsìkò ṣòfò kí ohùn náà lè bàjẹ́. Ilé Òjédìran ní ẹnu àwọn ni wọ́n ti já ọ̀rọ̀ yẹn gbà. Bàbá méjèèjì gbé ọ̀pá, wọ́n sì jọ wọ yàrá Màmá, gbogbo gbọ̀ngàn tẹ̀ lé wọn.

"Ìyá yìí ń fi wá ṣeré," ni Bàbá Ọ̀kánlàwọ́n wí.

"Òótọ́ lo sọ," ni Bàbá Òjédìran dáhùn.

Láti ọdún mẹ́fà, èyí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ara wọn sọ tí kì í ṣe èébú. Ṣùgbọ́n Bàbá Òjédìran fi kún un pé, "Àmọ́ èmi ni mo kọ́kọ́ rò ó," ni ariwo bá tún sọ.

Àárín ariwo yìí ni Ládélé fi káàdì tirẹ̀ pe Màmá padà. Màmá fi èjìká há fóònù mọ́ etí.

"Mà, orúkọ ńkọ́?"

"Káṣìmáawòó!"

"Mà, ẹ ti ń wò ó láti bí ìdajì wákàtí! Títí dìgbà wo?"

"Títí dìgbà tí wàá fi sọ ohun tí mo máa tẹ̀!"

Ládélé rò ó títí, ó ní háàdì tí wọ́n wò fún ìdajì wákàtí tí kò lórúkọ, inú rẹ̀ ti dàrú nìyẹn. "Mà, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ pe àṣẹ kan báyìí." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, létà létà, Màmá sì ń tẹ̀ ẹ́.

Bàbá Ọ̀kánlàwọ́n na ọwọ́ sí àpótí pẹlẹbẹ náà. "Ẹ gbé e fún mi. Mo ní àbúrò kan ní Òṣogbo tó mọ̀ ọ́n ṣe."

Màmá fi ọwọ́ òsì bò ó mọ́lẹ̀. "Ẹ má fọwọ́ kan Káṣìmáawòó!"

"Ẹ gbọ́ ọ!" Bàbá Òjédìran kígbe. "Ó ní ká má fọwọ́ kan án, ká ṣì máa wò ó!"

Àṣẹ Ládélé parí. Ó ku bọ́tìnì ńlá. Ìka Màmá ti wà lórí rẹ̀, ọ̀pá ń gbá ara wọn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fa aṣọ rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá tẹ̀ ẹ́ kó sinmi. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní kóòtù ti kọ́ Màmá pé ìwé tí a kò bá tíì kà padà, a kì í fi ọwọ́ sí i.

"Ládélé, kí ni àṣẹ yìí máa ṣe?"

"Ó máa nu gbogbo inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, mà. Á dà bíi tuntun."

"Ìyá Àwẹ̀ró ńkọ́?"

"Ta ni Ìyá Àwẹ̀ró, mà?"

Màmá fa ìka rẹ̀ yọ bí ẹni tó fọwọ́ kan ẹyín iná. Ó pa àṣẹ náà rẹ́ ní létà kọ̀ọ̀kan, títí ojú ẹ̀rọ fi mọ́. Ó wá dìde dúró, ó kọjú sí gbogbo wọn.

"Kóòtù! Ẹ dákẹ́!"

Ẹ ò rí i! Gbogbo wọn pa rọ́rọ́. Bàbá Òjédìran ṣí fìlà. Ọ̀tún fúnra rẹ̀ dúró ṣánṣán.

Màmá tún jókòó. "Ládélé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ló ń gé ọ̀rọ̀ mi jẹ. Bí orúkọ ẹlẹ́rìí ò bá yé wa ní kóòtù, létà létà la ń pè é. Mú bírò. Kéè. Éè. Ẹ́ẹ̀sì. Áì. Ẹ́ẹ̀mù. Éè. Éè mìíràn. Dọ́búù. Óò. Ó parí."

Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ nínú fóònù bíi ti ẹni tí ẹ̀pà há lọ́fun.

"Mà! Orúkọ ni?"

"Kí lo rò pé ó jẹ́ látàárọ̀?"

Ọ̀tún ni ó kọ́kọ́ yé nínú àwọn tó wà nínú yàrá. Ẹ̀rín gbé e, ó fẹ̀yìn ti ògiri kó má baà ṣubú. "Orúkọ ni! Orúkọ ni mo ń jẹ́ níṣẹ́ fún yín látàárọ̀!" Ẹ̀rín ta láti yàrá dé gbọ̀ngàn. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. "Àṣẹ kejì," ló wí.

Ládélé pè é, ó fi orúkọ náà sínú rẹ̀. Màmá tẹ̀ ẹ́, ó kà á padà, ó bèèrè ohun tó máa ṣe, kó tó tẹ bọ́tìnì. Káṣìmáawòó ṣí. Àṣẹ kẹta ní kó sọ̀rọ̀. Ohùn arúgbó kan sì jáde, gbígbẹ bí ewé oko.

"Mojírádé ti jáde? Ó dáa. Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Odò, mo kí yín. Ìyá Ọ̀kánlàwọ́n ló kọ́kọ́ bímọ."

Ilé Ọ̀kánlàwọ́n hó. Bàbá Ọ̀kánlàwọ́n na ọrùn sókè, ó ń dúró de ìdọ̀bálẹ̀. Ojú Bàbá Òjédìran wálẹ̀ bí aṣọ tó bọ́ lórí okùn.

"Mo mọ̀ pé ẹ ti ń pariwo," ni ohùn náà ń bá lọ. "Ẹ dákẹ́, mi ò tíì parí. Ìyá Òjédìran bí tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe gé ìwọ́ ẹ̀ tán ni atẹ́gùn ká òrùlé mi lọ, òjò rọ́ wọlé. Mo kó ọmọ méjèèjì sínú apẹ̀rẹ̀ kan náà, mo tì í sábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí òjò dá, mo fà wọ́n jáde, mo wò wọ́n, ni ẹ̀rù bá bà mí. Wọ́n jọra bí ẹyin. Mi ò mọ èwo ni ta mọ́. Àwọn ìyá wọn sì ti na ọwọ́. Kí ni kí n ṣe? Ilé ni mo wò. Ilé Òjé, aláriwo ni wọ́n. Èyí tó ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè ni mo gbé fún wọn, mo ní, 'Òjédìran rèé.' Ilé kejì, ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Èyí tó dákẹ́ ni mo gbé fún wọn, mo ní, 'Ọ̀kánlàwọ́n rèé.' Bóyá mo gbà á, bóyá mi ò gbà á, Ọlọ́run ló mọ̀. Ilé ni mo wò kí n tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ má bínú."

Ohùn dákẹ́. Bàbá Òjédìran ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Baba ẹ tí mo ti ń bú láti ọdún mẹ́fà…"

"Ó lè jẹ́ baba ẹ ni," ni Bàbá Ọ̀kánlàwọ́n wí.

"Ewúrẹ́ tó jí gbé ńkọ́?"

"Ewúrẹ́ àwa méjèèjì nìyẹn."

Bí wọ́n ṣe wo ara wọn lójú, ojú tì wọ́n, àwọn méjèèjì sì dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé èkejì ló kọ́kọ́ ṣe é. Ó wá ku bí wọ́n ṣe máa dìde. Orúnkún ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin kì í gbọ́ràn. Wọ́n di ara wọn lápá mú, wọ́n fa ara wọn sókè díẹ̀díẹ̀. Ọ̀tún dájọ́ lójú ẹsẹ̀: Bàbá Ọ̀kánlàwọ́n yóò ṣe Baálé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Bàbá Òjédìran yóò ṣe é nígbà òjò, wọn yóò sì jọ máa jẹ ẹran nínú àwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀tún wá yíjú sí Màmá Taípíìsì. "Màmá, Ìyá Àwẹ̀ró ò mọ 'A' yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ àkàbà, síbẹ̀ ó mọ̀ pé ilé là ń wò. Ẹ̀yin tí ẹ tẹ ìwé ìdájọ́ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, ilé wo lẹ wò?"

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Mi ò purọ́ fún yín, Olóyè. Ikú nìkan ni mo wò. Mi ò wo ilé rárá. Ilé tó jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá yọjú síbẹ̀, 'Kí lẹ rí?' ni wọ́n ń bèèrè."

Kò dìde lórí àga. Ó ní kí Ládélé pe àṣẹ tí wọ́n fi ń yí orúkọ háàdì padà. Ládélé bi í pé kí ló fẹ́ kó máa jẹ́. Màmá wo ẹnu ọ̀nà, ó wo gbọ̀ngàn, ó wo àwọn ènìyàn tó ń na ọrùn. Ó wo ilé náà yíká dáadáa. Nígbà náà ló tó tẹ létà márùn-ún péré, ó kà wọ́n padà, ó tẹ bọ́tìnì ńlá.

"Màmá," ni Ọ̀tún tún pè láti ẹnu ọ̀nà, "kí ló wà lójú ẹ̀rọ báyìí?"

"Ó ti dé," ni Màmá wí, orúkọ tuntun náà ló kà jáde.

Inú gbogbo wọn dùn, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ra ẹ̀rọ tuntun ní Òkè-Ayìnrẹ́, tàbí tó ra ajá, tàbí tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, àwọn àgbà á ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà kó tó la ẹnu, wọ́n á ní kó rọra, pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.